D-dimer: Nọ́ńbà inú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń da ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí láàmú, kí ló ń sọ gan-an?

Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, nígbà tí ìgbì kejì àrùn Kòrónà ń jà l'Ékòó, ẹnì kan ju fọ́tò ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan sórí WhatsApp mọ̀lẹ́bí wa. Àbúrò màmá mi ló ni ín, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Ṣómólú. Ọjọ́ kẹta wọn nílé ìwòsàn nìyẹn, pẹ̀lú ọ́síjìn nímú. Wọ́n ti fi bírò pupa fa igi sábẹ́ ìlà kan nínú ìwé náà: D-dimer, 1,860.

Kò tó wákàtí kan tí òpó náà fi gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan sọ pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ Dádì ti dì pátápátá. Àǹtí wa tó wà ní Peckham ní ká fọkàn balẹ̀, pé tàwọn náà ga gan-an nígbà tí àwọn wà nínú oyún, kò sì sí nǹkan tó ṣe. Ẹnì kẹta, tó jẹ́ pé ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló ń tà, ti ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta rivaroxaban, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì àdúgbò rẹ̀. Èmi oníròyìn inú ilé, tí mo ti ń kọ ìròyìn Kòrónà láti ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 tí wọ́n ti rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Nàìjíríà, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ D-dimer. Mo kàn ń wo fóònù ni.

Láti ìgbà náà, mo ti lọ kà nípa rẹ̀, mo sì ti da àwọn dókítà tó gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ láàmú dáadáa. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé ẹ̀yin òǹkàwé mi kì í yéé fi ìwé àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí mi, àfi bí ẹni pé mo ṣí láàbù. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí télọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rí lè lóye nọ́ńbà yìí.

Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì?

Ká ní ẹ ń gé àlùbọ́sà, ọ̀bẹ wá gé yín lọ́wọ́. Àwọn tó máa kọ́kọ́ sáré débẹ̀ ni àwọn èérún kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní platelet. Wọ́n pọ̀ bíi yanrìn: nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí píìnì lọ, ìyẹn microlitre kan, ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń ní 150,000 sí 450,000. Wọ́n á rọ́ jọ, wọ́n á dí ojú ọgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n dídí yẹn ò tíì lágbára. Ara á wá ta àwọ̀n lé e lórí.

Ohun tí ara fi ń ta àwọ̀n ọ̀hún ni fibrinogen. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, inú ẹ̀jẹ̀ ló sì máa ń bá kiri láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Tí ara bá ti fura pé ẹ̀jẹ̀ ń jò, èròjà kan tó ń jẹ́ thrombin á sọ ọ́ di okùn tín-ín-rín tó ń jẹ́ fibrin. Òmíràn, factor XIII, á máa rán àwọn okùn náà mọ́ ara wọn kí wọ́n má baà já. Àwọ̀n náà á wá mú èérún pupa inú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni mú ẹja, ẹ̀jẹ̀ dì nìyẹn.

Tí ọgbẹ́ bá ti ń jinná, àwọ̀n náà ò gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ títí láé. Ara á rán plasmin sí i, òun ni àlùmọ́gàjí tó ń gé e wẹ́wẹ́. Ibi kan wà tí àlùmọ́gàjí yìí ò lè gé: ojú ibi tí factor XIII ti rán méjì pọ̀. Ègé tó bá já bọ́ pẹ̀lú ojú ìrán yẹn lára, tí orí méjì ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn, òun ni D-dimer. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè dédé pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dì níbì kan, ara sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Tí ẹ bá wọlé tí ẹ rí ègé aṣọ nílẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n rán nǹkan lónìí, wọ́n sì gé nǹkan. Tí ègé náà bá kún ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ègé aṣọ ò lè sọ fún yín bóyá bùbá ìyàwó ni wọ́n ń rán ni àbí agbádá bàbá ọkọ. D-dimer náà ò lè sọ bóyá ẹsẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti dì, bóyá ẹ̀dọ̀fóró ni, tàbí ojú iṣẹ́ abẹ tó ń jinná jẹ́jẹ́ láìsí wàhálà kankan.

Báwo ló ṣe kan Kòrónà?

Wuhan ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, Ning Tang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde jáde lórí aláìsàn Kòrónà 183. Mọ́kànlélógún nínú wọn kú. Tí ẹ bá to àwọn tó kú lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó wà láàárín gbùngbùn ní D-dimer 2.12 microgram nínú mililita ẹ̀jẹ̀ kan nígbà tó dé ilé ìwòsàn. Láàárín àwọn tó yè, 0.61 ni. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni ti ipò kan tí wọ́n ń pè ní DIC, níbi tí ẹ̀jẹ̀ á ti máa dì káàkiri ara títí ohun tí ara fi ń dì í á fi tán, tí aláìsàn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kú ló dé ipò yìí. Láàárín àwọn tó yè, kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé iṣẹ́ mìíràn jáde láti ilé ìwòsàn méjì ní Wuhan kan náà: aláìsàn 191, 54 kú. Ìṣirò wọn ní tí D-dimer aláìsàn bá ju 1 microgram lọ nígbà tó dé, ìṣeéṣe pé á kú fi nǹkan bí ìlọ́po 18 pọ̀ sí i. Nọ́ńbà 18 yìí rin gbogbo ayé. Ohun tí kò bá a rìn ni pé aláìsàn 191 kéré, àti pé àlàfo inú ìṣirò náà fẹ̀ bí ọ̀nà márosẹ̀, láti orí bí ìlọ́po 3 dé orí ohun tó ju ìlọ́po 100 lọ. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Àwa oníròyìn la fò ó.

Síbẹ̀, òótọ́ ni pé nọ́ńbà náà ń tọ́ka sí nǹkan. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n ṣọ́ aláìsàn Kòrónà 184 tó wà ní yàrá ìtọ́jú àwọn tó le, bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì ní ìṣòro ẹ̀jẹ̀ dídì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀dọ̀fóró àwọn méje tí Kòrónà pa wò, tí wọ́n fi wé ti àwọn méje tí ọ̀fìnkìn burúkú influenza pa, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú àwọn iṣan tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ ẹ̀jẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́sàn-án pọ̀ ju ti influenza lọ.

Ohun tó ń fà á ni pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wa ní awọ kan tó jọ̀lọ̀, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Tí fáírọ́ọ̀sì bá dá ìjà sílẹ̀ nínú ara, tí àwọn ọmọ ogun ara wá ń jà kọjá bó ṣe yẹ, awọ yìí á bó. Ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú á gbọ́ pé ogun dé, á máa tú fibrinogen jáde ní ìlọ́po ìlọ́po. Okùn pọ̀, ògiri bó, aláìsàn náà dùbúlẹ̀ kò rìn. Kò yẹ kó yani lẹ́nu tí ẹ̀jẹ̀ bá dì.

Ẹ ó rántí àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó ń jà rànyìn lórí WhatsApp lọ́dún 2020, pé àwọn dókítà Ítálì ti la òkú, wọ́n sì ti rí i pé Kòrónà kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ dídì lásán ni, aspirin ló ń wò ó. Irọ́ tó wọ aṣọ òótọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ń dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Aspirin ọ̀hún náà, wọ́n dán an wò ní Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwádìí tó ń jẹ́ RECOVERY, lórí àwọn tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15,000. Ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó kú láàárín ọjọ́ 28. Àwọn tí kò lò ó ńkọ́? Ìdá 17 náà ni.

Ìwé kejì

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Dádì Ṣómólú, nítorí ibí yìí ni mo ti kọ́gbọ́n.

Ní ọjọ́ kẹfà, ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò náà tán nílé ìwòsàn, wọ́n wá gbé ẹ̀jẹ̀ Dádì lọ sí láàbù kan níta. Ìwé padà dé: D-dimer, 940. Ṣé ẹ rí i? Láti 1,860 sí 940! Òpó mọ̀lẹ́bí kún fún ọpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ pé òun ló ń san owó lójoojúmọ́, ní ká kúkú gbé wọn lọ sílé, ká yá sílíńdà ọ́síjìn. Wọ́n ti ń bá ẹni tó ní ọkọ̀ sọ̀rọ̀.

Dókítà ọ̀dọ́ kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ló ní kí n mú ìwé méjèèjì wá. Ó tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà mẹ́ta tó kéré ju èèrà lọ. Lórí ìwé àkọ́kọ́, FEU. Lórí ìkejì, DDU. Ó ní, "Bọ̀dá, kò tíì sọ̀ kalẹ̀ o. Ibi tó wà náà ló wà."

Ọ̀nà méjì ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ àyẹ̀wò fi ń wọn D-dimer. DDU ń wọn ègé náà fúnra rẹ̀. FEU ń wọn iye fibrinogen tí ègé náà ti jáde wá. Nítorí pé odindi fibrinogen wúwo tó bí ìlọ́po méjì ègé D-dimer, nọ́ńbà FEU máa ń tó ìlọ́po méjì ti DDU, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. 940 lọ́nà méjì jẹ́ 1,880. Níbi tí ìwé àkọ́kọ́ ti kọ 500 gẹ́gẹ́ bí òkè ibi tí ara tó dá máa ń dé, 250 ni ìwé kejì kọ. A ò wo ibẹ̀. Ta ló ń wo ibẹ̀?

Ẹ̀tàn mìíràn tún wà: láàbù kan á kọ 500 ng/mL, òmíràn á kọ 0.5 µg/mL, ẹlòmíràn 0.5 mg/L. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó ń yọ̀ pé D-dimer òun ò tó 1 rárá, 0.9 ni, láìmọ̀ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó yẹ.

Kò tán síbẹ̀. Ìgò kékeré tí ọmọrí rẹ̀ jẹ́ búlúù ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ yìí sí. Omi oògùn kan tó ń jẹ́ citrate wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ìdá kan citrate sí ìdá mẹ́sàn-án ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é fún. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ojú àmì, ìṣirò á dàrú. Torí náà, tí nọ́ọ̀sì bá ní ẹ̀jẹ̀ tí òun gbà ò kún, pé kí ẹ na apá lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ má bínú sí i.

Ṣé tó bá ga, kí èèyàn sáré lo oògùn?

Ẹni tó fẹ́ lọ ra rivaroxaban nínú mọ̀lẹ́bí wa, ọlọ́run ló ní kí a dá a dúró. Ní Brazil, àwọn dókítà dán ohun tó fẹ́ ṣe yẹn wò gan-an, nínú ìwádìí tó ń jẹ́ ACTION: aláìsàn Kòrónà 615 tí D-dimer gbogbo wọn ga. Wọ́n fún apá kan ní rivaroxaban tàbí heparin ní ìwọ̀n tó pọ̀, wọ́n sì fún apá kejì ní ìwọ̀n kékeré tí wọ́n máa ń fún ẹnikẹ́ni tó dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn. Àwọn ti ìwọ̀n tó pọ̀ ò sàn ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀jẹ̀ ló dà lára wọn jù: ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí tàwọn yòókù jẹ́ ìdá 2.

Heparin, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fún èèyàn, ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ìwádìí mẹ́ta tó pawọ́ pọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé èsì jáde. Láàárín àwọn 2,219 tí àìsàn wọn ò tíì le dé yàrá àwọn tó le, heparin ní ìwọ̀n ìtọ́jú ran wọn lọ́wọ́ díẹ̀ láti kúrò nílé ìwòsàn láìnílò ẹ̀rọ amúnimí. Láàárín àwọn bí 1,100 tí àìsàn ti wọ̀ lára, kò ṣe àǹfààní kankan. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé láàárín àwọn tí àìsàn wọn ò tíì le yẹn, ibi kan náà ni èsì ń tọ́ka sí, yálà D-dimer wọn ga tàbí kò ga. Ìyẹn ni pé nọ́ńbà tó lè sọ ẹni tó wà nínú ewu ò fi dandan jẹ́ nọ́ńbà tó ń sọ ẹni tí oògùn máa ràn lọ́wọ́. Èmi náà ti máa ń pa méjèèjì pọ̀.

Ta ni D-dimer rẹ̀ lè ga láìsí Kòrónà?

Wọ́n pọ̀. Aboyún wà níbẹ̀, òótọ́ ni àǹtí wa sọ. Bí oyún bá ṣe ń dàgbà ló máa ń ga sí i. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni tó ní jẹjẹrẹ, ẹni tí ibà ẹ̀fọn bá jà dáadáa, gbogbo wọn ni. Àwọn tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, tó pọ̀ láàárín wa, sábà máa ń ní D-dimer tó ga kódà lọ́jọ́ tí nǹkan kan ò dùn wọ́n. Ọjọ́ orí náà ń gbé e sókè. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà tó ń wá ẹ̀jẹ̀ dídì inú ẹ̀dọ̀fóró fi máa ń sọ ọjọ́ orí ẹni tó ti lé ní 50 di ìlọ́po 10 kí wọ́n tó pinnu: ẹni ọdún 70, ó di 700 FEU, kì í ṣe 500.

Ká sòótọ́, iṣẹ́ tí wọ́n dá àyẹ̀wò yìí sílẹ̀ fún gan-an ni láti sọ pé "kò sí." Tí ẹni tí kò jọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dì bá ṣe é tí kò ga, wọ́n lè jẹ́ kó máa lọ sílé. Tó bá ga, wọ́n ní láti wá ọ̀nà mìíràn wò ó, bíi fífi ẹ̀rọ wo ẹsẹ̀ tàbí àyà.

Dókítà kì í sì í wò ó lóun nìkan. Wọ́n máa ń ka CRP, tí ẹ̀dọ̀ ń tú jáde nígbà tí ara bá ń jà, pẹ̀lú ferritin. Wọ́n máa ń ka platelet, wọ́n máa ń wo fibrinogen àti iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì. Nínú Kòrónà, fibrinogen sábà máa ń ga lákọ̀ọ́kọ́, platelet ò sì ní jábọ́ púpọ̀. Ọjọ́ tí méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ pọ̀, nígbà tí D-dimer ń gòkè, ni àwọn dókítà máa ń dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè yín.

Fáírọ́ọ̀sì mìíràn, àmì mìíràn

Ẹ má mú òfin Kòrónà lọ sílé ibà Lassa, tó ń yọ ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́nu lọ́dọọdún, tí wọ́n ń tọ́jú nílé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ọ́wọ̀. Níbẹ̀, AST ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò, èròjà kan tó máa ń jò wọ inú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá fara pa. Iṣẹ́ tí McCormick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Sierra Leone, tó jáde lọ́dún 1986, fi hàn pé àwọn tí AST wọn ti tó 150 nígbà tí wọ́n dé, tí wọn ò rí oògùn lò, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kú. Àwọn tó gba ribavirin sínú iṣan láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ àìsàn, ìdá 5 ló kú. Nọ́ńbà tó ń mú iṣẹ́ jáde nìyẹn: ó sọ ẹni tó wà nínú ewu, oògùn sì wà ní sẹpẹ́.

Ní ti Ebola tó jà ní Gulu ní Uganda lọ́dún 2000, D-dimer àwọn tó kú fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ga ju ti àwọn tó yè lọ lásìkò tí àìsàn náà gbóná. Dengue ní tirẹ̀, platelet tó ń sáré wálẹ̀ nígbà tí PCV ń gòkè ló ń kó dókítà lọ́kàn sókè, nítorí ó túmọ̀ sí pé omi inú ẹ̀jẹ̀ ń jò jáde nínú iṣan.

Dádì Ṣómólú lo ọjọ́ 19 nílé ìwòsàn. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ heparin sí ikùn lójoojúmọ́, ojú ikùn wọn dúdú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí wọ́n tó jáde, láàbù àkọ́kọ́ ló tún àyẹ̀wò náà ṣe, FEU sí FEU: 610. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ sílíńdà mọ́.

Tí wọ́n bá fún yín ní irú ìwé yìí, ẹ wo lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, ẹ wo òkè tí láàbù náà kọ, ẹ bèèrè bóyá láàbù kan náà ló ṣe ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó gbé e sórí òpó mọ̀lẹ́bí. Tó bá sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú tó ń dunni, tí àyà ń roni lójijì, tí mímí ṣòro, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ikọ́ jáde, ẹ má wulẹ̀ lọ ṣe D-dimer ní láàbù kankan. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ tààrà, lálẹ́ ọjọ́ náà.